Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró ìyá wa ti dé ọpọlọ, ẹ̀yin ará Òṣogbo ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Alákàrà:
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Ìyá wa ni, ẹni ọdún 64. Ó lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti ń dín àkàrà nídìí igi lẹ́bàá Ọjà Ọba, wọn ò fẹnu kan sìgá rí. Ọdún tó kọjá ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀, a lọ sí ọsibítù kan, wọ́n ní ikọ́ ife ni, wọ́n fún wọn lóògùn ẹ̀ fún oṣù méjì láìyẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ ò lọ, wọ́n wá ń rù sí i. Ìgbà tá a ya X-ray níbòmíràn la rí i pé omi ti kún àyà wọn lápá ọ̀tún, wọ́n fa omi yẹn, wọ́n tún gé ẹran díẹ̀ lọ sí láàbù, èsì ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró ni, irú tí wọ́n ń pè ní adenocarcinoma. Wọ́n ti gba kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, lẹ́ẹ̀mẹrin, ikọ́ ti rọlẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti padà sídìí agbada.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn tí wọ́n bá ti jí, wọ́n á bì, tó bá fi máa di ọ̀sán ara á fúyẹ́. A ní ibà ni, a lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dúró tì wọ́n nídìí àkàrà, mo rí i tí wọ́n bu ẹ̀wà lílọ̀ sọ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa ń bù ú, wọ́n nawọ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lórí yẹpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Wọ́n tún bu òmíràn, ibì kan náà ló bọ́ sí. Wọn ò mọ̀. Mo ní Màmi, wọ́n wojú mi, wọ́n pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́ ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni gìrì gbé wọn.

CT scan orí fi ibi mẹ́ta hàn. Wọ́n fún wọn ní dexamethasone àti Keppra, oògùn gìrì, wọ́n kọ létà fún wa pé ká máa lọ sí UCH Ìbàdàn fún radiotherapy. Ṣé ó ti wá di jẹjẹrẹ ọpọlọ nìyẹn? Dexa yìí ń jẹ́ kí wọ́n máa jẹun ṣáá, wọn ò sùn lóru, ojú wọn ti ń wú, àbúrò bàbá wa ní ká dá a dúró. Àwọn kan tún ní iná tí wọ́n fẹ́ fi jó wọn lórí máa sọ wọ́n di aṣiwèrè. A ò tíì sọ fún ìyá fúnra wọn. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe mọ́.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á bá wa wo ìyá sàn. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ kó o mọ̀ ni pé kò di jẹjẹrẹ ọpọlọ. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró náà ni, ó kàn rìn dé orí ni. Ọmọ Òṣogbo tó kó lọ sí Kánò, ọmọ Òṣogbo ṣì ni, tó bá ti lanu wàá mọ ibi tó ti wá. Oògùn tó bá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró wọn mu la ṣì máa wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà yín lọ́kàn rú. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóóró, inú ọkàn ló ń lọ tààrà, ọkàn á wá tì í lọ sí gbogbo ara, orí sì ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń ràn dé ọpọlọ, èyí tó ti ẹ̀dọ̀fóóró wá ló pọ̀ jù lọ, kì í ṣe pé ẹ ò tọ́jú wọn dáadáa o.

O tún lè máa rò ó pé ṣebí kẹ́mò ń ṣiṣẹ́ láyà, ikọ́ ti rọlẹ̀, báwo lorí ṣe wá bàjẹ́. Bí ògiri kan ló wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, Ọlọ́run ló fi síbẹ̀ kí májèlé má bàa tètè wọlé, ọ̀pọ̀ kẹ́mò ni ò lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá radiotherapy, tàbí iṣẹ́ abẹ tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tó tóbi.

Ọ̀rọ̀ dexa ni mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa. Ẹ Ẹ̀ GBỌDỌ̀ DÁ A DÚRÓ FÚNRA YÍN. Yí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ká, ọpọlọ ti wú, agbárí ò sì lè fẹ̀ láti gbà á, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń burú láàárọ̀ torí a ti dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́jú. Dexa ló ń fa wíwú yẹn wálẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ojú ẹlòmíì á ti là. Mo mọ̀ pé ìyá ti ń pè ẹ́ lórúkọ ẹ báyìí, àbí? Kì í ṣe pé ó pa jẹjẹrẹ o, ó ń ra àkókò fún yín ni. Tẹ́ ẹ bá wá dá a dúró lójijì, orí á tún wú, ara tó ti gbára lé e láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ò sì ní rí tiẹ̀ ṣe, èèyàn lè dákú lọ gbári. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Alákàrà:
Ah, ẹ ṣeun mà. Bẹ́ẹ̀ ni, láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń pe orúkọ mi. Mi ò mọ̀ pé dexa ló ṣe é.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ọmọ mi, mi ò ní tan ẹ́ jẹ, ẹ̀rù iná yẹn ń bà mí. Mo mọ ẹnì kan tó ní àgbo tó ń yọ kókó lára, egbò àti ewé ni, kò sí kẹ́míkà nínú ẹ̀. Ẹ fún ìyá mu ún ná kẹ́ ẹ tó gbé wọn lọ jó wọn lórí.

Apòògùn Aláyétòrò:
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ ni kí n tó fèsì. Èmi náà ọmọ ọlọ́sanyìn ni, mi ò jẹ́ bú ewé. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí kẹ́mò, lórí dexa, lórí Keppra, ẹ̀dọ̀ wọn àti kíndìnrín wọn ń ru ẹrù tó pọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àgbo tá ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ gbé ẹrù náà jù sílẹ̀, wọ́n á wá ní ká dá gbogbo ìtọ́jú dúró títí ara á fi padà. Tí wọ́n bá sì ti mu ún kọjá, ẹ kàn sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́.

Ọmọ Alákàrà, lórí dexa: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, kí èyí tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ má kọjá bí aago méjì ọ̀sán, tó bá di alẹ́ lẹ lò ó wọn ò ní rí oorun sùn. Ẹ béèrè oògùn tó ń dáàbò bo inú, omeprazole ni wọ́n sábà máa ń fún wa. Ẹ yẹ ṣúgà wọn wò, ó máa ń ga tèèyàn ò bá tiẹ̀ ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti ń mumi ṣáá tí wọ́n ń tọ̀ ṣáá, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ máa wo ahọ́n wọn pẹ̀lú, tí funfun bá ti ń bò ó bí ògì gbígbẹ, oògùn wà fún un. Ẹ má ra dexa lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ sanra, ẹ lọ sí kẹ́mísìtì tó ní apòògùn nídìí ẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ sì rà á kó tó ku ọjọ́ mẹ́ta tó máa tán.

Ọ̀kan tó kù: tí Keppra bá wọ́n níbi tẹ́ ẹ ti ń rà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi phenytoin tàbí carbamazepine rọ́pò ẹ̀ fún yín láì bi dókítà. Àwọn méjèèjì yẹn máa ń jẹ́ kí ara tètè fọ́ oògùn míì dànù, dexa fúnra ẹ̀ wà nínú ẹ̀, àti àwọn oògùn jẹjẹrẹ oníhóró.

Bàbá Kẹ́mi:
Mo sunkún tí mo ka ọ̀rọ̀ àkàrà yẹn. Ìyàwó mi nìyẹn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tiẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi síbi ìkòkò ọbẹ̀. Gìrì àkọ́kọ́ tó gbé e, èmi àti àbúrò ẹ̀ la la ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí, eyín ẹ̀ méjì ló kán, ẹ̀jẹ̀ kún ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ó ń dùn mí dòní. Ẹ MÁ FI NǸKAN SÍ WỌN LẸ́NU. Kò sẹ́ni tó ń gbé ahọ́n mì. Ẹ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè máa ṣàn jáde, ẹ ti aṣọ sábẹ́ orí wọn, ẹ gbé gbogbo ohun tó lè ṣe wọ́n léṣe kúrò, kí ẹnì kan máa wo aago. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí èkejì bá tún gbé e kójú tó là, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bu omi lù wọ́n, ẹ má fún wọn ní àgbo gìrì tàbí ìtọ̀ màlúù, ẹ má ti ẹsẹ̀ wọn bọ iná bí àwọn àgbà kan ṣe máa ń ṣe. Kì í ràn, ẹni tí itọ́ wọn bá ta sí lára kò ní kó o.

Ìdí agbada, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Epo gbígbóná àti gìrì ò lè wà níbì kan náà. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa pàṣẹ, kí ẹlòmíì máa dín in. Kí wọ́n má gun ọ̀kadà, kí wọ́n má tilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí tí wọ́n bá ń wẹ̀. A gbé bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ pátá nílé wa.

Lórí Ìbàdàn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ kí ẹ̀rù má bà yín. Radiotherapy yìí tí gbogbo wa ń pè ní iná, kò sí iná níbẹ̀. Ìtànṣán ni, bíi ti X-ray, ó kàn lágbára jù ú lọ ni, èèyàn ò rí i, kò gbọ́ ìró àfi ti ẹ̀rọ, kò dun èèyàn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n máa ń fi ike kan tí wọ́n ti rẹ sómi gbígbóná bò ọ́ lójú, á mọ́ ọ lójú á sì le, òun ni wọ́n á máa lò lójoojúmọ́ kí orí má bàa mì. Ìyàwó mi ní bí ìgbà tí ọwọ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bá dì í lójú mú ló rí. Lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é fún un, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ méjì. Irun máa re, ẹ ra gèlè tó rọ̀. Ó máa ń rẹ èèyàn gan-an, oorun á pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó bá ti parí, ẹ má rò pé wọ́n ń lọ ni.

Ẹ má máa lọ ẹ má máa bọ̀ lójoojúmọ́ láti Òṣogbo o. Èmi ṣe é lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, a jáde ní aago márùn-ún ìdájí, Gbọ̀ngán, Ìkirè, Aṣéjirẹ́, ká tó dé Ìwó Road ìyàwó mi ti bì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá ìbátan tàbí ilé kékeré kan fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Adé Ọmọ Òṣogbo (Manchester):
Ẹ kú àtìlẹ́yìn ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì dá, ó sì lè yí ohun gbogbo padà: Ọmọ Alákàrà, ṣé wọ́n ti yẹ jíìnì EGFR àti ALK wò lára ẹran tí wọ́n gé yẹn? Irú jẹjẹrẹ yìí nínú obìnrin tí ò mu sìgá rí, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé àṣìṣe kan pàtó nínú jíìnì ló ń darí ẹ̀. Tí wọ́n bá rí EGFR, oògùn oníhóró wà fún un, osimertinib lorúkọ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2015, ògiri tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, ó ń gbà á kọjá. Tó bá jẹ́ ALK ni, alectinib àti lorlatinib wà. Àǹtí mi tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, ibi márùn-ún ló wà lórí tiẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń lo osimertinib, ó ṣì ń se ọbẹ̀ fún wa ní Sátidé.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó wọ́n, ó wọ́n kọjá sísọ, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa bá mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá yẹ̀ ẹ́ wò ò lè mọ̀. Ẹran tí wọ́n gé, wọ́n máa ń fi àbẹ́là dì í sínú ike pẹlẹbẹ kékeré kan ní láàbù, block ni wọ́n ń pè é. Tiyín ni. Ẹ lọ fi létà dókítà béèrè ẹ̀, ẹ gbé e dání lọ sí Ìbàdàn. Ẹ má sì torí àyẹ̀wò yìí dá radiotherapy dúró o, ẹni tí gìrì ti gbé tórí ẹ̀ ti wú ò ní àkókò láti máa dúró de èsì, àfi tí dókítà fúnra ẹ̀ bá ní bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́kọ Ìgbọ́nà:
Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ ojú ibi tí kókó wà nìkan ló máa ń jó, tí ò ní kan gbogbo orí. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Òótọ́ ni. Radiosurgery ni wọ́n ń pè é, ará Sweden kan, Lars Leksell, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀bẹ, ìtànṣán tín-ín-rín lóríṣiríṣi ni wọ́n máa ń darí pọ̀ sójú kan. Tí kókó bá kéré tí wọn ò sì pọ̀, ó dáa ju kí wọ́n ta á sí gbogbo orí lọ, torí èyí tó kan gbogbo orí lè mú kí èèyàn máa gbàgbé nǹkan tó bá pẹ́. Ibi mẹ́ta tí ìyá ní yẹn wà lára iye tí wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò. Àbúrò, bi wọ́n ní Ìbàdàn láìbẹ̀rù: ṣé ojú kọ̀ọ̀kan lẹ máa ta á sí àbí gbogbo orí, tó bá jẹ́ gbogbo orí, ṣé memantine á wà fún ìrántí wọn? Béèrè MRI pẹ̀lú, ó máa ń rí kókó kéékèèké tí CT ò rí, òun ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá mẹ́ta ni lóòótọ́. Tẹ́nikẹ́ni bá ní kó o má dàámú òun, rọra béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn tó ní ó máa sọ èèyàn di aṣiwèrè, àsọdùn ni. Ìgbàgbé lè wà. Ìyẹn sì yàtọ̀ sí èyí tí kókó fúnra ẹ̀ máa ṣe tá a bá fi í sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Alẹ́kúwodò:
Èmi ò mọ oògùn o, ọ̀rọ̀ sísọ fún ìyá ni mo fẹ́ dá sí. Ọmọ mi, sọ fún wọn. Ìyá tèmi, a fi pamọ́ fún wọn títí ẹnu wọn fi wọlé, ìgbà tí wọ́n wá mọ̀, ohùn ti lọ. Wọ́n ń nawọ́ sí àpótí, wọ́n ń nawọ́ sí mi, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mo tú àpótí yẹn tán lójú wọn, wọ́n ń mi orí pé kì í ṣe ìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Oníṣòwò ni ìyá ẹ, wọ́n lè jẹ ẹnì kan lówó ẹ̀wà, ẹnì kan lè jẹ wọ́n, àjọ lè wà níta. Ní báyìí tí dexa ti jẹ́ kójú wọn là, jókòó tì wọ́n láàárọ̀ tí ara wọn bá fúyẹ́, bi wọ́n pé Màmi, kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa àìsàn yìí? Ibi tí wọ́n bá dúró sí ni kíwọ náà dúró.

Tó o bá sì dé UCH, béèrè àwọn tó ń tọ́jú ìrora, palliative care ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ má gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́ ẹ rò pé wọ́n ti sọ̀rètí nù, kàkà bẹ́ẹ̀ àwọn ló jẹ́ kí ìyá mi sùn. Wọ́n ní morphine olómi, ó ń gbé ìrora lọ, ó kàn máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, wọ́n á fún yín lóògùn ìyẹn mọ́ ọn. Béèrè social worker náà ní ti owó.

Ọmọ Alákàrà:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Mo ń kọ èyí láti Ìbàdàn, ọjọ́ kẹrin wa nìyí. Ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Bódìjà la wà. A ṣe MRI, mẹ́rin ni, ìkẹrin kéré bí ẹ̀wà. Dókítà jókòó ṣàlàyé nígbà tí mo bi í bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n bi í, ó ní nítorí ibi tí ọ̀kan nínú wọn wà àti nítorí wíwú, gbogbo orí ni wọ́n máa ta á sí, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ó sì kọ memantine. Wọ́n ti ṣe ìbòjú yẹn. Màmi ní kò dun àwọn.

Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ tí àkàrà ti ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n rí i lójú mi. Wọ́n wá ní kí n mú bírò. Èèyàn mọ́kànlá ló jẹ wọ́n lówó, wọ́n ka gbogbo ẹ̀ lórúkọ lórúkọ, wọ́n sì jẹ ìyá ẹlẹ́wà kan ní Òkè-Baálẹ̀ lówó báàgì ẹ̀wà kan, mo ti fi ránṣẹ́ láti orí fóònù. Láàárọ̀ yìí mo ra àkàrà nítòsí ọsibítù, wọ́n bù ú jẹ, wọ́n ní ẹni yìí ò po ẹ̀wà ẹ̀ tó, afẹ́fẹ́ ò wọ inú ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jáde sí kọ́rídọ̀ lọ sunkún.

Ìṣòro tó kù: láàbù ní Òṣogbo ti gbà láti yọ block sílẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ló gbọ́dọ̀ wá fi létà gbà á, mi ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Dexa wa náà ku ti ọjọ́ mẹ́rin. Ta ló ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí?

Bàbá Kẹ́mi:
Èmi ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Ya àwòrán létà náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí, màá gba block láàárọ̀ Tuesday, màá fi í sínú fúláàsì láìsí yìnyín, ooru ni ò gbọdọ̀ yọ́ ọ. Kọ iye míligíráàmù dexa tí wọ́n ń lò fún Apòògùn, màá yà gbà á lọ́wọ́ wọn.

Apòògùn Aláyétòrò:
Ó wà nílẹ̀. Aago mẹ́jọ la máa ń ṣí.